Èèkàn Inú Ọkọ̀ Àjàgbé

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n bí omi bá wà láàárín ẹni àti ilé ọ̀hún ńkọ́? Ohun tó ń da Àjàgbé láàmú nìyẹn ní òwúrọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí. Ó lọ, ó bọ̀, ó tún lọ nínú àgbàlá rẹ̀ ní Westfield, títí àwọn adìẹ pàápàá fi fi ọ̀nà sílẹ̀ fún un.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, bíi tèmi Màmúdù. Àdúgbò kan náà la ti gbéra nílé, ìsọ̀ wa sì kọjú síra wọn ní Jollof Town, láàárín ìgboro Banjul. Kò tíì pẹ́ nígbà náà tí wọ́n yí orúkọ ìlú padà láti Bathurst sí Banjul; ẹnu àwọn àgbà kò tíì mọ́ ọn. Ọmọ kan ṣoṣo ni Àjàgbé bí, Kàfáyàt, ó sì fi í fọ́kọ ní Barra, ní òdìkejì odò. Kàfáyàt wá bí ọmọbìnrin. Simbiat, ìyàwó Àjàgbé, ti wà lọ́hùn-ún láti ọjọ́ tí ìròyìn dé, ó ń wẹ ọmọ, ó ń tọ́jú ìyá ọmọ.

Àwọn àna ti gbà kí Àjàgbé sọ ọmọ náà ní Bàṣírát, orúkọ ìyá rẹ̀. Ìyá yẹn kú nílé nígbà tí Àjàgbé wà lájò; wọ́n ti sin ín tán kí ìròyìn tó kàn án. Láti ìgbà náà, bí ó bá gbọ́ orúkọ yẹn lọ́jà, tí ẹnì kan ń fi pe ẹlòmíràn, ọwọ́ rẹ̀ á dúró lórí ohunkóhun tó bá ń wọ̀n. Ṣùgbọ́n àwọn àna fi ọ̀rọ̀ kan kún un: kí ó wá fúnra rẹ̀, kí ó mú àgbò lọ́wọ́, kí ó sì dé kí oòrùn tó gun òkè ní òwúrọ̀ yìí gan-an. Bí kò bá dé, ìmáàmù kò ní dúró dè é. Rohey ni wọn yóò sọ ọmọ, orúkọ ìyá baálé ilé wọn.

Ó ti lọ sí etí omi lọ́jọ́ tó ṣáájú láti wọ fẹ́rì. Àsìkò ẹ̀pà ni; ọkọ̀ ẹrù tò lọ bí ìjàlọ, kò sí àyè fún ẹni tó fa àgbò lọ́wọ́. Ìyẹn ló mú un rántí ọkọ̀ ojú omi rẹ̀.

Ọwọ́ túbáàbù kan tó ń padà sílé ló ti rà á. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe òyìnbó níbẹ̀. Ọkọ̀ pákó kékeré ni, ẹ́ńjìn kan wà nídìí rẹ̀, ó sì jókòó sórí tírélà kékeré onítáyà méjì tí a ń so mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò. Láti ọjọ́ tó ti rà á, ẹ̀yìn ilé ló wà. Bí àlejò bá dé, Àjàgbé á mú un lọ wò ó bí ẹni ń fi ẹṣin hàn.

Gibril ló mọ̀ ọ́n wà. Ọmọ Àkú ni, àwọn tí babańlá wọn ti Freetown wá. Ẹ̀jẹ̀ Yorùbá ń bẹ lára wọn, ṣùgbọ́n èdè tiwọn ni wọ́n ń sọ. Yorùbá tí Gibril kọ́ lọ́dọ̀ wa kò ju èyí tó tó bú èèyàn lọ. “Kúṣẹ́” ló ń kí gbogbo ènìyàn, ì báà ṣe ẹni tó ń sùn. Alájì ló sì ń pe Àjàgbé, nítorí ó mọ̀ pé Àjàgbé kò tíì dé Mẹ́kà, ó sì ń dùn ún. Òun ló ń wa ọkọ̀ náà fún túbáàbù nígbà tó fi wà níbẹ̀. Ó máa ń fọ́nnu pé odò mọ òun ju ìyàwó òun lọ, Nyima ìyàwó rẹ̀ á sì ní kí odò máa se oúnjẹ fún un nígbà náà.

Gibril dé, ó yí ọkọ̀ po. Ó fọwọ́ tẹ táyà. Ó wo epo. Ihò kan wà nísàlẹ̀ ìdí ọkọ̀ náà tí omi òjò ń gbà jáde nígbà tó bá wà lórí ilẹ̀. Èdídí igi kan tó ní òrùka irin lórí ni a fi ń dí i láti inú kí ó tó wọ omi. Gibril ti èdídí náà bọ ihò, ó fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí ó fi le. Àjàgbé ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó yára. Gibril ní a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ọ̀dọ̀ wa náà ló ti kọ́ ọ.

Mo gbé mọ́tò mi wá láti fà á. A di ẹrù sínú ọkọ̀ lórí tírélà: àpò ìrẹsì, ìkòkò irin ńlá, àpótí aṣọ, àti àgbò. Gbogbo rẹ̀ ni Àjàgbé kó sẹ́yìn, bí a ti ń di ẹrù nílé. Kí a tó dé afárá Denton, tírélà ti ń jó lẹ́yìn wa, ó ń fa ìdí mọ́tò sọ́tùn-ún sósì. Gibril ní kí n dúró. Ó sọ fún wa pé bí ẹ̀yìn bá wúwo ju iwájú lọ, tírélà ni yóò máa darí mọ́tò, kí a kó ẹrù síwájú. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń yẹ ṣéènì tó so mọ́tò mọ́ tírélà wò.

A kó ẹrù síwájú. Okùn àgbò tú nínú kíkó náà. Àjàgbé wò yíká, ó rí òrùka irin tó wà lórí igi kúkúrú nílẹ̀ ọkọ̀, ó so àgbò mọ́ ọn. Mo wà níbẹ̀, kò sì jọ ohun tó yẹ kí ènìyàn béèrè lójú mi. Níbi tí wọ́n ti tọ́ wa, igi kúkúrú tó rì mọ́lẹ̀, tó ní ibi tí okùn ń gbà, èèkàn ẹran ni.

Ní etí omi, Gibril ní kí a kọ́kọ́ jẹ́ kí irin ìdí táyà tó ti gbóná tutù kí a tó tì í wọ omi, kí omi má bàa wọnú rẹ̀. Àjàgbé ń rìn lọ rìn bọ̀ lórí iyanrìn, ó ń wo oòrùn, ó ń wo Barra tó dà bí ìlà ewé lókèèrè. Nígbà tí ó yá, èmi ni mo fi mọ́tò rìn sẹ́yìn. Mo yí ọwọ́ sọ́tùn-ún, tírélà gba òsì lọ. Gibril bi mí bóyá ìyàwó mi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi. Ó fi ẹ̀sọ̀ darí mi títí ọkọ̀ fi léfòó, ìgbà yẹn ló tó tú okùn tó dè é mọ́ tírélà. Ó sọ fún Nyima, tó wá gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, pé bí kò bá gbọ́ ìró wa kí oòrùn tó yẹ̀, kí ó ké sí àwọn apẹja. Ó nawọ́ ẹ̀wù tí ń múni léfòó sí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa. Àjàgbé kò fẹ́ fi tirẹ̀ rún agbádá ìsọmọlórúkọ.

“Wọ̀ ọ́, Alájì,” ni Gibril wí. “Agbádá kò mọ̀wẹ̀.”

A gbéra. Omi rọ̀ níbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ìgbì tó ń ti òkun wọlé bẹ̀rẹ̀ sí gbé wa sókè sódò. Àgbò kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó ń fà, ó ń ké, ó ń yí. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé agbedeméjì nígbà tí omi kan ọrùn ẹsẹ̀ mi. Mo rò pé ìgbì ló ta sínú ọkọ̀. Gibril wẹ̀yìn. Àgbò ti kúrò níbi tí a so ó sí, èdídí sì ń rọ̀ dirodiro lẹ́nu okùn ọrùn rẹ̀.

Gibril kò pariwo. Ó dín ẹ́ńjìn kù, ó ní kí Àjàgbé wá ihò náà lábẹ́ omi, kí ó dí i. Àjàgbé dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú agbádá, ó wá a kàn, ó tẹ èdídí bọ̀ ọ́. Igi náà ti là. Omi ṣì ń yọ́ wọlé. Mo gbé ìkòkò ìsọmọlórúkọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́n omi. Gibril bẹ̀rẹ̀ sí í darí imú ọkọ̀ sí Banjul.

Àjàgbé dìde dúró. Ọkọ̀ fì.

“Barra ni mò ń lọ,” ni ó wí. “Ọ̀kan náà ni jíjìn rẹ̀. Má yí i.”

“Jókòó. Ìgbì ń bọ̀ láti ọ̀hún, ẹ̀yìn ni yóò máa ti wá bí a bá padà. Bí a bá lọ síwájú, ẹ̀gbẹ́ ni yóò máa gbá wa.”

“Gibril, wọn kò ní dúró dè mí.”

“Mo mọ̀.” Gibril kò pè é ní Alájì. “Ìyá rẹ kò ránṣẹ́ sí ọ pé kí o wá bá òun lónìí.”

Mo ń gbọ́n omi lọ. Àjàgbé wo ìlà ewé yẹn. Ó wo àgbò. Ó wá jókòó wọ́ọ́rọ́, ó fi gìgísẹ̀ ọ̀tún tẹ èdídí náà mọ́lẹ̀, ó sì kọ ẹ̀yìn sí Barra.

“Yí i padà,” ni ó wí.

Kò gbé ẹsẹ̀ yẹn títí a fi dé etíkun. Nyima ti wọ omi dé orúnkún kí a tó gúnlẹ̀. Káfíńtà kan gbẹ́ èdídí tuntun fún wa, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ti dìde, Gibril sì ní òun kò ní padà sórí omi títí yóò fi lọ sílẹ̀. Ẹ ò rí ìrìn tí Àjàgbé rìn lórí iyanrìn lọ́jọ́ náà. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó ń lọ dé ibi àwọn àwọ̀n apẹja, ó ń padà, ó ń lọ. Oòrùn gun òkè, ó yẹ̀. Ìgbà tí a tó rí omi tó rọ̀, àwọn ènìyàn ti kírun Àsárì. A so àgbò mọ́ ìjókòó àárín, a sì sọdá sí Barra.

Simbiat pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà ilé àna. Ó wo agbádá ọkọ rẹ̀ tó ti gan pẹ̀lú iyọ̀. Ó ní wọ́n ti sọ ọmọ ní Rohey. Àwọn àna kí wa dáadáa. Wọ́n ní àwọn dúró, àwọn dúró, ìmáàmù ní ibòmíràn tó ń lọ. Àjàgbé ní kò sí nǹkan kan, Ọlọ́run ló ni orúkọ. Ohùn rẹ̀ dúró ṣinṣin.

Simbiat gbé ọmọ lé e lọ́wọ́ lórí ẹní. Ó rọra sọ fún un pé orúkọ ni àwọn ènìyàn yìí sọ ọ́, wọn kò fún un ní oríkì. Wọn kò ní oríkì láàárín tiwọn. Kò sẹ́ni tó lè gba èyíinì lọ́wọ́ rẹ̀.

Àjàgbé tẹ orí ba. Ìyá rẹ̀, Bàṣírát, Àbẹ̀kẹ́ ni oríkì rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ súnmọ́ etí ọmọ.

“Àbẹ̀kẹ́,” ni ó wí. “Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi. Mo pẹ́.”

Ọmọ náà yán. Gibril, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi pé kí n wo ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ mi. Gìgísẹ̀ ọ̀tún Àjàgbé ṣì tẹ ẹní náà mọ́lẹ̀ gírígírí, bí ẹni pé omi wà lábẹ́ rẹ̀.