Kùkùté Igi Boniface

Ọyẹ́ ti gbọn gbogbo ewé igi náà dànù kí Boniface tó kú. Èyí kò ba Agatha ìyàwó rẹ̀ lẹ́rù, nítorí ọdọọdún ló ń rí i. Igi sáípírẹ́sì ni, igi àbàtà ilẹ̀ òkèèrè. Bí ọyẹ́ bá dé, ewé rẹ̀ á pọ́n, á sì rẹ̀ dànù. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, á tún rúwé.

Ìgbà tí Boniface fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Ọ̀wọ̀ ló gbìn ín sí ẹ̀gbẹ́ ilé wọn ní Ute, níbi tí omi kì í gbẹ. Bónsáì ló fẹ́ fi ṣe, igi kékeré inú àwo tó jọ ògbólógbòó igi. Ẹni tí kò mọ̀ á ti kékeré gbìn ín sínú àwo, á máa rẹ́ ẹ lórí, ìdí rẹ̀ kò sì ní tóbi láé. Boniface jẹ́ kí tirẹ̀ ga ju òrùlé lọ, nítorí orí tó ń ga ló ń mú ìdí sanra. Nígbà tí ìdí náà tó itan àgbàlagbà, ó fi ọ̀dà funfun sàmì sí i ní ìwọ̀n orúnkún. Ibẹ̀ ni yóò ti gé e bí òjò bá fẹ́ dé. Ó ti ní kí amọ̀kòkò mọ àwo pẹrẹsẹ kan, kó sì lu ihò sí ìdí rẹ̀ kí omi lè máa jò.

Nígbà tí àìsàn dá a dúbúlẹ̀, ó sọ fún Agatha pé, "Bí n kò bá sí níbẹ̀, ìwọ ni kí o gbé e sínú àwo. Má jẹ́ kí iṣẹ́ yẹn ṣòfò."

Agatha ní òun gbọ́.

Nígbà tí ìsìnkú kù díẹ̀, mọ̀lẹ́bí wá tún àyíká ilé ṣe bí ìṣe wọn. Opó kì í jáde títí òkú yóò fi wọlẹ̀, nítorí náà orí ẹní ni Agatha wà nínú yàrá, òun àti Ṣèyíọlá, àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin. Wọ́n gbọ́ ohùn Adégbénga lẹ́bàá fèrèsé. Òun ni àbíkẹ́yìn ìdílé Boniface, àgbẹ̀ kòkó ní Afo.

"Ibí la máa ta kánóópì sí. Igi gbígbẹ yìí gbọ́dọ̀ kúrò."

Agatha gbé ohùn sókè sí i. "Bàbá Abigail, ẹ jọ̀ọ́, igi yẹn kò kú. Ó ń sùn ni."

Àwọn tó wà lóde rẹ́rìn-ín. Adégbénga ní, "Ìyàwó wa, ẹ̀gbọ́n mi náà ń sùn ní mọ́ṣúárì. Èwo ni ká kọ́kọ́ jí nínú àwọn méjèèjì?"

"Gbénga, pa ẹnu rẹ mọ́," ni Ṣèyíọlá wí.

"Àǹtí, àlejò ń bọ̀ láti Uso, láti Ọ̀wọ̀. Ṣé òkú igi ni kí wọ́n máa wò nílé òkú?"

Agatha fẹ́ ṣàlàyé, ṣùgbọ́n ó ro bí wọn yóò ti tún rẹ́rìn-ín. Ó yọjú lójú fèrèsé. Adégbénga kò fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ púpọ̀. Orí àmì funfun náà gan-an ló gbé ẹ̀rọ agégi lé. Igi ṣubú. Kùkùté tó kù ga dé orúnkún, ó sanra, bí Boniface ti fẹ́ ẹ gẹ́lẹ́.

Agatha padà sórí ẹní. Ó rò pé Ọlọ́run ló gba ọwọ́ aláìmọ̀kan ṣe é. "Ẹ má fọwọ́ kan kùkùté yẹn" ìbá ti tó. Kò sọ ọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà tí àlejò ti tú ká, ó jáde. Òórùn kan ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Wọ́n ti fi àdá ṣá orí kùkùté náà yánnayànna, ilẹ̀ ìdí rẹ̀ sì tutù.

"Kí lẹ dà sí i?"

Adégbénga ń di ẹrù rẹ̀. "Òògùn tí a fi ń pa igbó ni. Bí a ti ń ṣe kùkùté lóko nìyẹn, kó má baà hù padà kó máa yọ yín lẹ́nu. Ta ni yóò máa bá yín gé e?"

Oore ló rò pé òun ṣe. Agatha dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Òjò dé. Àràárọ̀ ló ń lọ wo kùkùté náà. Èèpo rẹ̀ ń bó, olú funfun sì hù sí i lára. Nígbà tí iṣu àwọn aládùúgbò ti fà dé orí ọ̀pá, kò lọ wò ó mọ́.

Àwo tí amọ̀kòkò mọ ṣì wà lókè nínú ilé ìdáná. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tó fẹ́ se mọ́ínmọ́ín, ó gbé e sọ̀kalẹ̀, ó nù ún, ó da ẹ̀wà tó ti bó sínú rẹ̀. Omi gba àwọn ihò náà jò, bí Boniface ti fẹ́ kó máa jò.