Àpótí Tó Fẹ́ Wọ Bàálù

Àárín pálọ̀ ni tọkọtaya kan gbé òṣùwọ̀n ẹrù sí, torí pé pálọ̀ ti ṣófo. Àga ti lọ, tábìlì ti lọ, kódà kọ́tìnnì ti bá ẹni tó rà á lọ sílé. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù kí wọ́n rìnrìn àjò. Ilé ìwòsàn kan lókè òkun ló gba ìyàwó síṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà sì ń bá a lọ. Báàgì kọ̀ọ̀kan ni bàálù gbà fún wọn, báàgì kan ò sì gbọdọ̀ kọjá kílò mẹ́tàlélógún.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni gbẹ́nàgbẹ́nà wa yìí fi kan àpótí tó fẹ́ kó irinṣẹ́ rẹ̀ sí. Igi tó ti gbẹ fún ọdún mẹ́jọ ló fà yọ nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó fá a títí ó fi ń dán, ó fi igun bọ igun láìlo ìṣó kan ṣoṣo, ó ṣe àyè fún ayùn, ó ṣe àyè fún òòlù, ìfági tí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ fi ta á lọ́rẹ sì ní ibùsùn tirẹ̀. Gbogbo ẹni tó rí àpótí náà ló yìn ín. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó gbé e wò.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ẹ gbé e dání, kí ẹ gun òṣùwọ̀n. Màá yọ ìwọ̀n tiyín kúrò."

Ó gùn ún. Ìyàwó bẹ̀rẹ̀, ó wo nọ́ńbà, ó tún un wò.

"Ọ̀gá mi, ṣé irinṣẹ́ ti wà nínú ẹ̀ ni?"

"Rárá. Òfìfo ni."

"Kílò mẹ́rìndínlógún rèé. Àbí ẹ̀yin lẹ sanra?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọkùnrin yìí ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Gígùn àti ìbú ni gbẹ́nàgbẹ́nà ń wọ̀n. Láti ogún ọdún tó ti ń ṣiṣẹ́, oníbàárà kankan ò bi í rí pé kílò mélòó ni kọ́bọ́ọ̀dù òun. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti wá di ti bàálù báyìí. Irinṣẹ́ nìkan jẹ́ kílò méjìdínlógún, owó tí wọ́n á sì gbà lórí àlékún tó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì.

"Ó dáa," ló wí kíákíá, "mo máa fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Kóòtù òtútù ló ṣe pàtàkì. Òòlù ò lè mú ara èèyàn móoru."

Ó jókòó lé àpótí rẹ̀, ojú rẹ̀ sì wálẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ti fi ọ̀rọ̀ gún un lọ́kàn lọ́jọ́ ìsinmi tó kọjá, tó ní, "Àbúrò mi tí ìyàwó ń gbé ròkè òkun, a ó máa kí ẹ kú ìtọ́jú ilé." Gbogbo ẹbí tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò kúrò láyà rẹ̀. Owó físà, owó tíkẹ́ẹ̀tì, owó ilé, owó tí wọ́n á fi jẹun kí owó oṣù àkọ́kọ́ tó wọlé, ìyàwó rẹ̀ ló ṣírò gbogbo rẹ̀. Kò mọ ibi tí òun wà nínú ìṣirò náà. Ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá débẹ̀ lọ́wọ́ òfo, òun á kàn di ẹni tí wọ́n ń bọ́.

Ìyàwó jókòó tì í. Àpótí gba àwọn méjèèjì, kò dún pẹ́ẹ́. Ó fi àwòrán kan hàn án lórí fóònù: yàrá kan, ilé ìdáná kan, ilẹ̀ lásán.

"Ilé tí mo gbà nìyẹn."

"Kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀."

"Kò sí. Èyí tó ní bẹ́ẹ̀dì àti àga fi ìdámẹ́ta wọ́n jù ú lọ lóṣooṣù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo ní kò séwu, gbẹ́nàgbẹ́nà lọkọ mi. Láti oṣù tó kọjá ni mo ti sanwó."

"Láti oṣù tó kọjá?"

"Kí ẹ tó fọwọ́ kan àpótí yìí rárá. Ẹ wá ní ẹ fẹ́ fi irinṣẹ́ sílẹ̀. Ta ló fẹ́ kan bẹ́ẹ̀dì fún mi níbẹ̀?"

Gbẹ́nàgbẹ́nà di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, kò sì tètè fi í sílẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn méjèèjì dìde, wọ́n fi kóòtù wé ayùn, wọ́n ki òòlù bọ inú ìbọ̀sẹ̀, wọ́n pín irinṣẹ́ sí báàgì méjèèjì títí ìwọ̀n fi bára mu. Àpótí yóò dúró sílé. Ọkọ ní kí wọ́n gbé e fún ẹ̀gbọ́n òun, kó lè rí nǹkan jókòó lé tó bá tún fẹ́ sọ̀rọ̀.

Ló bá fa pẹ́ńsù yọ létí.

"Yàrá yẹn, báwo ló ṣe gùn tó?"

Ìyàwó ti béèrè. Ó ka gígùn àti ìbú fún un, ọkọ sì ń kọ ọ́ sílẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀dì yẹn máa gbà mí tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta o. Níbo la máa sùn kó tó parí?"

"Ilẹ̀ ni," ìyàwó rẹ̀ dáhùn. "Mo ti ṣírò ìyẹn náà mọ́ ọn."