Táyélolú, Àlejò Tí Kò Rí Omi Mu

Àlá tí Táyélolú lá lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, òun fúnra rẹ̀ ló rọ́ ọ fún wa, kò sì rẹ́rìn-ín títí ó fi sọ ọ́ tán. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, òun ni obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́sẹ̀ òkè ní ìlú Òkè-Agbede. Lọ́jọ́ náà, Kọmíṣọ́nà tó ń rí sí ìrìn-àjò afẹ́ fẹ́ wá wo òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀, kí wọ́n lè mọ iye ìràwọ̀ tó tọ́ sí i. Láti àárọ̀ ni Táyélolú ti ń sáré sókè sódò. Nígbà tí kò rí Kọmíṣọ́nà, ó gbórí lé tábìlì tí wọ́n ti ń gbàlejò, oorun sì gbé e lọ.

Ó bá ara rẹ̀ lójú ọ̀nà jíjìn kan. Kò mọ ibi tó ti ń bọ̀, kò sì bi ara rẹ̀. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ìyẹn ló dá a lójú. Ó dé iwájú ilé alámọ̀ kan. Kò tíì kágò tí àmù omi tó wà lẹ́nu ọ̀nà fi kí i.

"Ẹ kú ìrìn o, àlejò wa," ni àmù náà wí. "Omi ẹsẹ̀ rè é, omi mímu ń bọ̀. A kì í bi àlejò lórúkọ kó tó mu omi."

Kò ya Táyélolú lẹ́nu pé àmù ń sọ̀rọ̀. Ohun tó yà á lẹ́nu ni pé kò bèèrè owó àsansílẹ̀. Baálé ilé náà jáde, arúgbó kan tó ń jẹ́ Oyèékànmí. Ó ní, "Ọmọ mi, orí ẹní mi ni wàá sùn. Èmi á sùn síta."

"Bàbá, bí òjò bá rọ̀ ńkọ́?"

"Èmi ni mo nilé. Òjò ilé mi kì í pa mí lára."

Ó bu omi sí igbá, ó gbé e fún un. Bí igbá ṣe fẹ́ kan ẹnu Táyélolú báyìí, ni ilé náà bá dìde. Ó gbọn eruku ara rẹ̀, ó ní òun gbọ́ pé àwọn alájàpá ń bọ̀ lọ́nà, òun ò lè jókòó lásán. Ló bá kù gìrì lọ sí oríta, ó di ibùsọ̀. Táyélolú sáré tẹ̀ lé e. Àwọn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló bá lórí ẹní, wọ́n nà gbalaja. Àwọn alájàpá ló so ara wọn mọ́ igi níta.

"Ẹ jọ̀ọ́, omi," ni Táyélolú wí fún èyí tó dàgbà jù nínú àwọn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà.

"Kí lo rù?"

"N kò ru nǹkan kan. Àlejò ni mí."

"Àlejò kì í ṣe ẹrù," ni kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wí, ó sì kẹ̀yìn sí i.

Ọ̀rọ̀ náà bá a lára mu, kò bá a jiyàn. Ó wòkè, ó rí i pé òkè tó wà níwájú rẹ̀ ti hu òrùlé páànù sórí. Àga onítìmùtìmù kan jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibẹ̀, ó wọ ṣòkòtò péńpé, ó gbẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀. Kò sí òyìnbó kankan lórí rẹ̀. Àga náà gan-an ni òyìnbó. Gbogbo àgbààgbà ìlú ń ru omi gun òkè lọ bá a.

"Ilé ìsinmi lèyí," ni àga wí. "Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ ọ kò gbọdọ̀ sinmi níbẹ̀."

Táyélolú rí Oyèékànmí láàárín àwọn tó ń pọnmi. "Bàbá, ẹ fún mi ní díẹ̀ níbẹ̀."

"Ọmọ mi, omi ìwẹ̀ àga ni." Arúgbó náà ò lè wò ó lójú. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, kò sí àlejò tó bèèrè omi lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò rí mu.

Nígbà tó yá, àga náà palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé Kọmíṣọ́nà lọ́wọ́, ó ń lọ sílé. Inú Táyélolú dùn. Ó ní tiwa ti dé. Kọmíṣọ́nà wà nínú ọ́fíìsì rẹ̀ tó ń léfòó lójú sánmà, ẹsẹ̀ àwọn akọ̀wé sì ń rọ̀ dirodiro nísàlẹ̀ rẹ̀.

"A ti sọ ìsun omi ìlú yìí di ibi ìgbafẹ́," ni Kọmíṣọ́nà kéde. "Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mu ún mọ́. Wíwò ni kí ẹ máa wò ó."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ibi tó ti ń tẹríba fún wọn ni ìwo ti yọ lórí rẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ gùn, ó di òbúkọ. Ó kọ́kọ́ jẹ ìwé ọ̀rọ̀ tó ń kà, ó wá ké, "Mẹ̀ẹ́!"

"Kọmíṣọ́nà ní iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́," ni akọ̀wé rẹ̀ túmọ̀.

"Mẹ̀ẹ́!"

"Ó ní ó ti lọ jìnnà."

Táyélolú gbà pé ọ̀rọ̀ náà yéni ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀fun rẹ̀ ti gbẹ bí èèpo obì, ló bá sáré wọ òtẹ́ẹ̀lì ara rẹ̀. Ìràwọ̀ márùn-ún jókòó sórí àga ìgbàlejò, wọ́n ń mu omi tútù. Ta ló dúró sẹ́yìn tábìlì? Táyélolú mìíràn ni, ó wọ aṣọ rẹ̀, ó de gèlè rẹ̀.

"Fún mi lómi. Èmi nìwọ!"

"Ẹ káàbọ̀, mà," ni èkejì wí, tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Ṣé ẹ ti gba yàrá?"

Ibẹ̀ ni Oyèékànmí ti wọlé, ó ń mí hẹlẹ, ìkòkò omi wà lórí rẹ̀. "Ọmọ mi, mo ti ń wá ọ láti àná. Omi rẹ rè é."

Èkejì na ọwọ́ dí i lọ́nà. "Bàbá, a kì í gbé omi ìta wọ ibí. Ẹ ka ohun tó wà lára ògiri."

"Ta ló kọ irú ìkọkúkọ yìí?" ni Táyélolú fi igbe ta.

"Ìwọ ni," ni ògiri dá a lóhùn.

Ìbídùn, ọmọbìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́, ló jí i. "Ọ̀gá, ẹ ń pariwo lójú oorun."

"Fún mi lómi mu."

Ìbídùn fọwọ́ họrí. "Omi ò yọ lẹ́rọ, mà. Ìgò omi tó kù, ti Kọmíṣọ́nà ni."

Kí Táyélolú tó fèsì, ilẹ̀kùn ṣí. Òbúkọ aládùúgbò kan rọra wọlé, ewé òdòdó wà lẹ́nu rẹ̀, ó ń wo yàrá náà yíká bí ẹni tó wá yẹ nǹkan wò. Ìbídùn gbá ìgbálẹ̀ mú láti lé e.

Táyélolú dì í lọ́wọ́ mú. Ó tún gèlè ṣe, ó kúnlẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Ẹ káàbọ̀, sà."