Àwọn Òyìnbó Wá Tọrọ Silas

Láti ọjọ́ tí Julianah ti délé ayé, kò tíì rí ìyàwó ojú ọ̀nà tó ń fi ọ̀pá rìn.

Àmínátù ló fa gbogbo ẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ni, Igbọ́nà l'Óṣogbo ló ń gbé. Inú ilé Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n bí àwọn méjèèjì sí n'Íléṣà. Àbẹ̀ní ni wọ́n ń pe àbúrò kó tó fẹ́ ọkọ mùsùlùmí. Ní báyìí, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Àmínátù jẹ́ lemọ́mù, èkejì di wòlíì aláṣọ funfun, òun sì ń ṣe àmín sí àdúrà àwọn méjèèjì. Bí ọdún bá dé, ẹran iléyá á gba Òṣogbo wá sí Iléṣà, ìrẹsì Kérésì náà á gba ọ̀nà yẹn padà lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, Àmínátù pè lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tún ilé ṣe o! Silas sùn sọ́dọ̀ wa mọ́jú, òun àti òyìnbó obìnrin kan. A ti ra gbogbo ẹrù ìtọrọ tán ní Old Garage. A ti ń bọ̀ lọ́nà. Alihamudulilahi!"

Kí Julianah tó la ẹnu, owó fóònù Àmínátù ti tán.

Silas nìkan lọmọ tó ṣẹ́kù fún Julianah. Àlùfáà ni. Ìjọ ló fi í yá àwọn òyìnbó ìlú kékeré kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́ta, ọdún mẹ́ta náà sì ti pé. Julianah ti kun yàrá rẹ̀, ó ti ra tìmùtìmù tuntun. Ohun tó ń bẹ Ọlọ́run fún kò ju pé kí ọmọ náà padà wálé pátápátá, kó fẹ́yàwó, kó sì wà nítòsí láti sin òun bí ọjọ́ bá dé. Bó bá wá jẹ́ òyìnbó ló fẹ́ ńkọ́? Ó ro ọ̀rọ̀ náà títí, ó ní kò burú, ìyàwó ni ìyàwó ń jẹ́. Ó gúnyán, ó wé gèlè, ó jókòó sí ìta.

Nígbà tí ọkọ̀ dé, Silas bọ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú iyanrìn. Ìyá rẹ̀ gbé e dìde, ó ń fọwọ́ pa á lórí bí ọmọ ọwọ́. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀kùn kejì ṣí. Ọ̀pá ló kọ́kọ́ jáde. Irun funfun báláú ló tẹ̀ lé e. Àmínátù wá ń já ẹrù sílẹ̀ pẹ̀lú awakọ̀: iṣu, oyin, iyọ̀, orógbó, àti apẹ̀rẹ̀ obì kan. Obì! Ẹnìkan gbé obì wá bá Ìjẹ̀ṣà, onílé obì!

Julianah fa ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Silas, ẹni yìí dàgbà jù mí lọ! Ṣé wọ́n fi nǹkan sí oúnjẹ rẹ lọ́hùn-ún ni?"

Silas rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Màámi, ẹ̀yin náà! N ò wá ṣègbéyàwó. Èmi gan-an ni wọ́n wá tọrọ."

Ẹ̀rín yẹn kò ran Julianah rárá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ìjọ ọ̀hún fẹ́ kí Silas dúró ti àwọn sí i. Àwọn alákòóso ti gbà níbí, wọ́n ti gbà lọ́hùn-ún. Silas ló fi ṣàwàdà pé nílẹ̀ àwọn, èèyàn kì í mú ọmọ ọlọ́mọ lọ láìtọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá. Màmá Dórótì, òyìnbó ọlọ́pàá yìí, tó jẹ́ àgbà ìjọ, kò mọ̀ pé àwàdà ni. Ó béèrè ohun tí wọ́n ń gbé lọ fún ìyá, ó sì ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú.

Nínú pálọ̀, Dórótì fi ọ̀pá sílẹ̀, ó kúnlẹ̀. Eegun orúnkún rẹ̀ ké.

"Ẹ kú ilé, Ìyá. A wá tọrọ ọmọ."

Ibi tí Yorùbá rẹ̀ mọ nìyẹn. Ó bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì, Silas sì ń túmọ̀ rẹ̀, ojú ń tì í. Ó ní àgbàlagbà mọ́kànlá péré ló kù nínú ìjọ àwọn, àwọn ti fẹ́ ta ilé náà. Ni Silas bá dé, tó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé láìsọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ń bọ̀. Wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Àwọn èèyàn ń yọjú lẹ́yìn kọ́tìnnì, wọn ò ṣílẹ̀kùn. Ó tún padà lọ, ó tún padà lọ. Nígbà tí ọkọ òun ń kú lọ, Silas ló jókòó tì í, tó ń fi Yorùbá kọrin fún un. Ṣọ́ọ̀ṣì ti kún báyìí. Ọmọ Gánà wà níbẹ̀, ọmọ Kóńgò wà níbẹ̀, àwọn ọmọ òyìnbó náà ti ń yọjú.

"Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́, orúnkún yín," ni Julianah wí. Ó dúró kí wọ́n gbé e jókòó. "Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ṣebí ẹ̀yin lẹ gbé Bíbélì wá bá wa? Ṣé ẹ ò ṣẹ́ ọ̀kan kù sílé ni? Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì. Ilé làbọ̀ ìsinmi oko. Silas ti dé ulé."

Dórótì kò jiyàn. Ó ní kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí òun rí sàréè Mísì Èdíìtì kí òun tó lọ. Ìlú Dórótì ni ajíhìnrere yẹn ti wá láyé ọjọ́un, ọdọ́bìnrin ni nígbà tí ibà pa á n'Íléṣà. Tìtorí rẹ̀ ni ìjọ méjèèjì fi mọ ara wọn.

Gbogbo wọn jọ lọ sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Ojú ìgbálẹ̀ ṣì hàn lára ilẹ̀ tó yí sàréè náà ká.

"Ta ló ń gbá a?" ni Dórótì béèrè.

"Màámi ni," Silas dáhùn. "Láti ìgbà tí wọ́n ti wà lọ́mọdébìnrin."

Dórótì bú sẹ́kún. Ó ní ilé ìyá Èdíìtì kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn, àwọn àgbà ló ròyìn rẹ̀ fún òun. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, ìyá náà máa ń gbé àwo oúnjẹ kan kalẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ tó ti kú. Ó ń ṣe é títí òun náà fi kú.

Julianah wo òkúta náà. Ó ti ń gbá ibẹ̀ láti kékeré, kò sì rò ó lẹ́ẹ̀kan rí pé ẹni tó wà nísàlẹ̀ yìí ní ìyá. Àánú ìyá tí kò mọ̀ rí yìí ṣe é bí ẹni pé ojúlé kejì ló ń gbé.

"Nígbà tí wọ́n fẹ́ mú un wá," ó béèrè, "ta ló lọ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀?"

Silas túmọ̀ rẹ̀. Dórótì mi orí. Kò sẹ́ni tó lọ.

Julianah di ọwọ́ Dórótì mú. "Ẹ̀yin wá tọrọ."

Nígbà tí wọ́n padà délé, ó mú ẹyọ obì kan nínú apẹ̀rẹ̀, ó bu iyọ̀ díẹ̀, ó ní kí Àmínátù kó gbogbo ìyókù padà fún àlejò.

"A kì í ta ọmọ nílé wa. A fi fún yín ni. Ẹ wá nǹkan tó jọ uyán fún un jẹ. Bí otútù bá mú un, ẹ má sọ pé àgbà ni, ẹ da aṣọ bò ó. Ẹ bá mi wá ìyàwó fún un, kó má sì lo ọ̀pá."

Àmínátù ṣe àmín tó gbalẹ̀. Silas ti wà lórí ìdọ̀bálẹ̀, kò lè gbójú sókè. Ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó gbé ọwọ́ lé e lórí.

"Èmi ni mo ń gbá sàréè ọmọ tiwọn," ló wí fún un. "Tèmi, ìwọ ni kí o wá gbá a. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, màámi."

"Ó dáa. Dìde, kí iyán má baà tutù."