Ilẹ̀kùn Tó Wà Lẹ́yìn Firísà

Auntie Ọlábísí ní kí n wá gba àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ wọ ẹgbẹ́ wa nímọ̀ràn lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n ní kí n má pẹ́ lórí ẹ̀. "Támilórè, sọ fún wọn pé kí wọ́n máa tètè dé, kí wọ́n máa bọ̀wọ̀ fún àgbà, kí wọ́n má sì máa tẹ fóònù nílé onílé. Ó tán." Mo ní ó dáa, mà. Nígbà yẹn, mi ò tíì dé ilé Uncle Oyèbọ́lá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ẹgbẹ́ náà, kí ẹnikẹ́ni má lọ rò pé à ń gun àkàbà wọ inú èéfín. Ojú Lalákàn lorúkọ wa. A kì í ṣe panápaná. Àwọn panápaná ní ọkọ̀ pupa àti owó oṣù tiwọn. Tí iná bá ti ń jó, àwọn la máa ń pè. Iṣẹ́ tiwa ni pé kó má jó rárá. À ń lọ láti ilé dé ilé ní Thamesmead, Plumstead àti Abbey Wood nílùú òyìnbó níbí, pàápàá ilé àwọn èèyàn wa tí kì í fẹ́ ṣílẹ̀kùn fún òyìnbó tó bá mú fáìlì dání. A máa ń yẹ áláàmù èéfín wò. A máa ń kọ́ wọn pé èèyàn kì í da omi sí epo tó bá gbiná. A sì máa ń bẹ̀ wọ́n, tọwọ́tẹsẹ̀, pé kí wọ́n yé fi ọ̀rá tí wọ́n fi ń bo irun nínú balùwẹ̀ bo áláàmù.

Ẹni tó bá ti dín ata rí nílùú yìí mọ ohun tí mò ń wí. Ata ò tíì gbóná tán tí áláàmù á ti máa ké bí ẹni tó rí òkú. Wọ́n á gun àga, wọ́n á fi ọ̀rá bò ó, wọ́n á dín ata tán, wọ́n á jẹun, wọ́n á sì gbàgbé ọ̀rá síbẹ̀ di Kérésìmesì. Mo ti rí èyí tí wọ́n fi fìlà ọmọ ọwọ́ bò.

Waheedah ló pè wá sílé náà. Ó ń tọ́jú àwọn arúgbó lálẹ́, ó sì máa ń sùn lọ́sàn-án. Ó ní áláàmù kan ń ké píì, píì ní kíṣìnì, kò jẹ́ kí òun fojú kan oorun. "Ẹ jọ̀ọ́, bọ̀ọ̀dá, ẹ wá pa á fún mi." Kò ní kí n tún un ṣe. Kí n pa á ni.

Mo lọ lọ́sàn-án Tọ́sìdeè. Mo yọ ọ̀rá kúrò, mo pààrọ̀ bátìrì, mo tẹ bọ́tìnì, ó ké dáadáa. Iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ara mi kì í gba kí n fi nǹkan tó ta kókó sílẹ̀, mo sì ti rí i pé ilẹ̀kùn kan wà nínú kíṣìnì náà tí mi ò mọ ibi tó lọ.

"Yàrá mi ni," Waheedah wí.

Ó ṣí i. Mo wọlé. Yàrá ìjẹun ni wọ́n kọ́ ọ sí láyé ijọ́un, ẹ̀yìn ilé pátápátá ló wà. Bẹ́ẹ̀dì kan, àpótí ìrìnàjò kan, ẹní ìkírun tí ó ká jọ sí igun. Fèrèsé kékeré kan kọjú sí ògiri ilé kejì. Wọ́n ti kùn ún lọ́dà títí ó fi lẹ̀ pa. Ilẹ̀kùn mìíràn wà tó yẹ kó jáde sí ọgbà, àmọ́ firísà ńlá kan dúró tì í gbagidi, irú èyí tí èèyàn lè dùbúlẹ̀ sí.

"Tí iná bá sọ ní kíṣìnì," mo bi í, "ibo lẹ máa gbà jáde?"

"Ọlọ́run ò ní jẹ́."

"Àmín. Ibo lẹ máa gbà?"

"Bọ̀ọ̀dá, mo ní Ọlọ́run ò ní jẹ́."

"Ti ta ni firísà yìí?"

"Ti Uncle Oyèbọ́lá tó nilé ni. Ẹran ewúrẹ́ àti pọ̀nmọ́ tí wọ́n ń tà ló wà níbẹ̀. Ó ti mọ́ mi lára. Ó máa ń hanrun bí ọkọ."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo dúró láàárín yàrá náà, mo ń ṣe é lórí bí ìṣirò: gba ibí, kò ṣeé gbà, gba ọ̀hún, kò ṣeé gbà. Mo ti rí ọ̀pọ̀lọpọ̀ àdììtú láyé mi, kò sí èyí tí ẹni tó ṣe é ò fi ọ̀nà kan sílẹ̀ sí. Ilé yìí ni àkọ́kọ́. Mo ní kí n pe káńsù, ìjọba ìbílẹ̀ tó lè ti irú ilé bẹ́ẹ̀ pa.

Ojú ẹ̀ yí padà kíá. "Ẹ má dán an wò! Tí wọ́n bá ti ilé yìí pa, ibo ni kí n máa sùn, inú bọ́ọ̀sì? Ẹni tó lóun máa wá gbé mi ní pápákọ̀ òfurufú Heathrow pa fóònù ẹ̀. Uncle ló wá gbé mi. Áláàmù ni mo ní kẹ́ ẹ wá pa. Ẹ ti pa á. Ẹ ṣeun."

Mo pe Uncle Oyèbọ́lá fúnra mi nígbà tí mo dé ìta. Òun ló ra ẹ̀wù yẹ́lò tí gbogbo wa ń wọ̀ lẹ́gbẹ́. Òun ni baba ìsàlẹ̀ wa. Ẹ má bínú pé mi ò pè é ní "wọ́n" nínú ìtàn yìí. Inú ṣì ń bí mi.

"Támilórè, ọmọ dáadáa! Ṣé ẹ̀wù yẹn bá gbogbo yín mu?"

"Ó bá wa mu, sà. Firísà yín ló dí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ní Abbey Wood, sà."

"Kó dí i náà ni. Ṣó o mọ olè àdúgbò yẹn ni? Firísà yẹn ló ń ṣọ́lé."

"Sà, tí iná bá sọ..."

"Iná wo? Kí wọ́n tó bí ẹ ni mo ti ń gbé Thamesmead. Iná ò jó mi rí."

"Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ̀ ń sùn níbẹ̀, sà."

"Ìwé tó o kà ti pọ̀ jù fún ẹ. Màá bá Auntie ẹ sọ̀rọ̀."

Mo sáré lọ bá Auntie Ọlábísí kó tó pè wọ́n. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, àwọn ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, mi ò sì mọ ẹni tó láàánú jù wọ́n lọ. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n mí kanlẹ̀. "A máa fi ọgbọ́n sọ ọ́ fún wọn. Jẹ́ kí ìpàdé Sátidé kọjá. Èmi àti pásítọ̀ á lọ kí wọn nílé, a ó gbé èso dání, a ó béèrè ara ìyàwó, ọ̀rọ̀ á wá yí síbẹ̀ fúnra ẹ̀."

Bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa nìyẹn. A kì í wo àgbà lójú sọ fún un pé ohun tó ṣe ò dáa. A máa ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ bá a ni. Mi ò sọ pé kò dára. Ṣùgbọ́n iná ò ní dúró de ẹni tó ń gbé èso bọ̀. Ọjọ́ Tọ́sìdeè nìyẹn. Waheedah á sùn níbẹ̀ lọ́jọ́ Fúráìdeè, á sùn níbẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé, àwọn ayálégbé yòókù á sì máa dín ata.

Lọ́jọ́ Sátidé, gbọ̀ngàn kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún kún. Uncle Oyèbọ́lá jókòó níwájú, ó wọ kóòtù, ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo èèyàn. Àwọn tuntun jókòó pẹ̀lú ẹ̀wù yẹ́lò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú kúrò nínú ọ̀rá. Mo dìde. Mo sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ní kí n sọ ọ́: ẹ máa tètè dé, ẹ máa bọ̀wọ̀ fún àgbà, ẹ má tẹ fóònù. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo fẹ́ jókòó.

Ọmọkùnrin kan nawọ́. Levi lorúkọ ẹ̀. Ìjẹ̀bú ni ìyá ẹ̀, Woolwich ni wọ́n bí i sí. "Bro, tí ẹni tó nilé bá ní òun ò gbà ńkọ́? Like, ó kàn ní kó o get out?"

"A máa ń fi ọgbọ́n..." Auntie Ọlábísí bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n fi àlọ́ dá a lóhùn," mo wí. Ẹnu mi ló sọ ọ́ kí n tó mọ̀. "Ẹnì kan ń sùn nínú yàrá kan. Ilẹ̀kùn yàrá náà ṣí sí kíṣìnì. Iná sọ ní kíṣìnì. Báwo ló ṣe máa jáde?"

"Fèrèsé," ọmọbìnrin kan dáhùn.

"Wọ́n ti fi ọ̀dà kùn ún pa."

"Kò ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni?"

"Ó ní. Firísà tó kún fún ẹran ló dí i."

"Kó gbé e kúrò."

"Òun nìkan? Nínú èéfín?"

"Kó pariwo."

"Gbogbo ará ilé ti lọ síbi iṣẹ́."

Levi wò mí títí. "So the person's just dead? Àlọ́ wo nìyẹn, bro? Ta ló ń gbé firísà síbẹ̀? Ṣé orí ẹ̀ pé?"

Ẹ̀rín sọ. Mi ò tíì dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n Uncle Oyèbọ́lá ti dìde, ó ti nàka sí mi.

"Ilé mi lò ń fi pàlọ́? Ilé mi, Támilórè?"

Ẹ̀rín dá wáí. Gbogbo orí yí sọ́dọ̀ ẹ̀.

"Mo gba ọmọbìnrin yẹn sílé nígbà tí kò lẹ́nì kankan! Ta nínú yín ló gbà á? Ta?"

Òótọ́ ni, ohun tó sì dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. "Ẹ gbà á sílé, sà," mo wí, "ẹ wá dí i mọ́bẹ̀."

"Ẹ bọ́ ẹ̀wù mi! Gbogbo yín! Èmi ni mo rà á!"

Levi ló kọ́kọ́ dìde. Ó bọ́ tiẹ̀, ó fi kọ́ ẹ̀yìn àga. "Take it, Uncle. Ibo ni firísà yẹn wà?"

Àwọn yòókù ń bọ́ tiwọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Auntie Ọlábísí yíjú sí mi, wọ́n rọra sọ̀rọ̀. "O ò sọ fún mi pé fèrèsé lẹ̀ pa."

"Mo sọ ọ́, mà."

"Á jẹ́ pé mi ò fẹ́ gbọ́ ọ nìyẹn." Wọ́n bọ́ tiwọn, wọ́n ká a dáadáa, wọ́n gbé e síwájú Uncle bí ẹni gbé oúnjẹ fún àlejò. Wọ́n sì gbé báàgì wọn.

Bí a ṣe wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Abbey Wood nìyẹn, ogunlọ́gọ̀ èèyàn láìsí ẹ̀wù kankan. Waheedah ṣílẹ̀kùn pẹ̀lú fìlà oorun lórí, ojú ẹ̀ wú. Ó rí mi, ó rí àwọn tó wà lẹ́yìn mi.

"Bọ̀ọ̀dá, kí lẹ ṣe fún mi yìí?"

Mo ṣàlàyé. Ó gbọ́ débi àlọ́, ó bú sẹ́kún, ẹkún ìbínú. "Ẹ fi yàrá mi pàlọ́? Lójú gbogbo ayé? Ẹ ò bi mí! Ẹ̀yin á lọ sílé yín nísinsìnyí, èmi ni Uncle máa bá nílé!"

Ó tọ̀nà. Inú bí mi sí ara mi, ó sì bí mi sí i pé ọkùnrin kan lè to ayé ẹlòmíràn débi pé ẹni tó bá fẹ́ gbà á là ni yóò dà bí ọ̀tá.

Auntie Ọlábísí ló sún mọ́ ọn. "Ọmọ mi obìnrin ti lọ yunifásítì, yàrá ẹ̀ ṣófo. Tí Uncle bá lé ẹ, ọ̀dọ̀ mi lò ń bọ̀, lónìí náà. Mi ò fẹnu lásán sọ ọ́. Kọ́kọ́rọ́ rèé." Wọ́n tú u kúrò lára tiwọn, wọ́n fi lé e lọ́wọ́.

Waheedah nu ojú. Ó wo kọ́kọ́rọ́, ó wo firísà. Firísà ṣì ń hanrun.

"Ẹ gbé e," ó wí.

A fa wáyà ẹ̀ yọ lára iná mànàmáná. A sún un, kò mì. "Jeez! Ṣé odidi màlúù ló wà níbẹ̀ ni?" Levi kígbe. A ní láti kó ẹran jáde lápò-lápò sórí tábìlì kíṣìnì kó tó gbà fún wa, a wá gbé e gba ọ̀ọ̀dẹ̀ jáde sí iwájú ilé. Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà lójú ihò ẹ̀, àmọ́ pákó ti wú. Levi fẹ́ ta á nípàá. Waheedah ní kó sún sẹ́yìn. Òun fúnra ẹ̀ ló yí kọ́kọ́rọ́, tó fi èjìká lù ú, tó tún lù ú, títí ilẹ̀kùn fi já, tí atẹ́gùn sì wọlé wá bá wa.

Ó jáde láìwọ bàtà. Koríko ga dé orúnkún ẹ̀. Ó yí po nínú ọgbà náà, ó ní òun ò mọ̀ pé igi ápù wà níbẹ̀.

Ibẹ̀ la wà tí Uncle Oyèbọ́lá fi dé. "Ẹran mi! Ẹ ti ba ẹran mi jẹ́!" Ó já wọnú yàrá, ó rí òfìfo tó wà níbi tí firísà wà, ó rí ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Waheedah wọlé láti ọgbà, ó kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ bẹ̀bẹ̀ ni.

"Uncle, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wá gbé mi ní Heathrow. Mi ò ní gbàgbé ẹ̀ láyé mi. Ṣùgbọ́n firísà yín ò ní padà síbí. Tó bá padà, èmi fúnra mi ni màá pe káńsù."

Uncle wo Auntie Ọlábísí, tí wọ́n ká ọwọ́ mọ́ àyà. Ó wo gbogbo àwa tí a dúró sí kíṣìnì ẹ̀ pẹ̀lú omi ẹran lọ́wọ́. Ó tún kóòtù ẹ̀ ṣe.

"Kò tọ́pẹ́," ó wí.

Àbí ẹ ò rí nǹkan! Nínú gbogbo ohun tí ọmọ náà sọ, ọpẹ́ nìkan ló gbọ́.