Ẹja Adégbọlá Gbọ́dọ̀ Fojú Méjèèjì Hàn

Bí ẹ bá pe Adégbọlá ní ahun, ẹ̀rín ni yóò rín. Òpùrọ́ ni kò gbà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ọ̀fà kọ sínú lẹ́tà gan-an nìyẹn: "Ẹja aláwọ̀ ìyeyè tó ń gbé inú omi oníyọ̀ ní pálọ̀, ní Kánò tí kò sí òkun? Òpùrọ́ ni ọ́. Yà á ní fọ́tò ká rí i."

Ẹja sì wà lóòótọ́. Lọ́dún 1979, òyìnbó kan tó ń kúrò ní àdúgbò Bompai ní Kánò ló ta àpótí gíláàsì kan tó ń dán bíi dígí fún un, tòun ti òkúta òkun àti ẹja mẹ́rin. Èyí tó rẹwà jù fẹ̀ bí àwo, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ìyeyè tó pọ́n, ìlà aró sì gba ara rẹ̀ kọjá. Àlejò kò gbọdọ̀ mu omi nílé náà kó tó wò ó.

Adégbọlá ránṣẹ́ pe Jethro, onífọ́tò tó ní ṣọ́ọ̀bù lọ́nà Airport. Jethro gbé kámẹ́rà, ó ń dúró kí ẹja ya ẹ̀gbẹ́ sí i.

"Dúró ńbẹ̀!" ni Adégbọlá ké. "Ojú kan lo fẹ́ yà yẹn. Ṣé olójú kan ni ẹja mi?"

"Haba, ọ̀gá! Ẹ̀gbẹ́ ẹja ni ẹwà rẹ̀ wà."

"Nígbà tó o ya bàbá mi, ṣé ẹ̀gbẹ́ lo yà? Ó kọjú sí ọ, ojú rẹ̀ méjèèjì pé. Fọ́tò tí ojú ò bá pé, wọn ò ní gbà á l'Ọ́fà."

"Ẹ bá a wá àga tó máa jókòó sí," ni Leah ìyàwó rẹ̀ wí láti ilé ìdáná.

Adégbọlá kọ etí ikún sí i. Ooru mú un, ó bọ́ agbádá, ó ku síńgílẹ́ẹ̀tì. Ó dúró sẹ́yìn Jethro, ó ń la ẹnu gbàgà, ó ń ju ọwọ́ kí ẹja lè wò wọ́n. Ẹja kọjú sí wọn lóòótọ́, ohun tó fẹ̀ bí àwo sì di fẹ́lẹ́. Iná kámẹ́rà kọ mànà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí fọ́tò aláwọ̀ tó ti Èkó dé. Ojú ń ti Jethro.

"Ọ̀gá, ẹ wo gíláàsì yẹn dáadáa o. Ẹ̀yin náà..."

"Panu mọ́! Ojú ẹja mi nìyí: ọ̀kan, èjì. Wọ́n pé."

Kò wo ohun mìíràn. Ó kọ "Òpùrọ́ dà?" sẹ́yìn fọ́tò, ó fi ránṣẹ́.

Nígbà tí èsì dé, ó wọ agbádá láti fi gbọ́ bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò ṣe bẹ̀ ẹ́. Leah kà á sókè:

"Àbúrò, fọ́tò dé, gbogbo ilé ti wò ó. A rí i pé o ti sanra. Ṣùgbọ́n kí ló dé tó o fi wọ síńgílẹ́ẹ̀tì ya fọ́tò, tó o la ẹnu sílẹ̀, tí pákò aláwọ̀ ìyeyè há sí ọ lẹ́nu? Bó o bá run pákò náà tán, jọ̀wọ́ ya ẹja ránṣẹ́ sí wa."