Ọjọ́ Méje fún Láísẹ́ǹsì Jẹ́jẹ́

Ọ̀sán Sátidé ni ọlọ́pàá dá Jẹ́jẹ́ dúró nínú ọkọ̀ ara rẹ̀. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ rẹ̀ ń fẹ̀yìn tì, wọ́n bá a ṣe ìdágbére, Jẹ́jẹ́ sì mu ju bó ti yẹ lọ. Awakọ̀ ilé iṣẹ́ búrẹ́dì ni. Bó ṣe ń rọra wakọ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ọlọ́pàá gba láísẹ́ǹsì rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, wọ́n fún un ní ìwé kan, wọ́n ní kó wá sí kóòtù lóṣù tó ń bọ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ní kó ṣì máa bá wọn kó ẹrù ná, àmọ́ bí láísẹ́ǹsì bá lọ, iṣẹ́ lọ nìyẹn.

Nínú ilé wọn, ìwé tó bá bani lẹ́rù, wọn kì í kà á lọ́jọ́ tó dé. Inú Bíbélì ni wọ́n ń fi í sí, wọn á gbàdúrà lé e lórí fún ọjọ́ méje kí wọ́n tó ṣí i. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lẹ́tà dókítà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ti onílé, Ọlọ́run sì gbọ́. Ìyàwó rẹ̀ gba ìwé náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ àwẹ̀. Jẹ́jẹ́ ló ń dá orin, ojú sì ń tì í.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì lọ́yà kan, yà wá kí wọn.

"Ìwé tí wọ́n fún ẹ dà?"

"Ó wà nínú Bíbélì, ẹ̀gbọ́n mi," ni ìyàwó dáhùn. "Ọ̀la ló pé ọjọ́ méje."

"Kí ló wà nínú ẹ̀?"

Tọkọtaya wo ara wọn.

"Ẹ ò tíì kà á? Kí lẹ wá ń bẹ Ọlọ́run fún?"

Ẹ̀gbọ́n ṣí ìwé náà, ó kà á lórí ìdúró. "Wọ́n ní bó o bá fẹ́ kí wọ́n gbọ́ tẹnu ẹ kí wọ́n tó fòfin de láísẹ́ǹsì ẹ fọ́dún kan, kó o béèrè láàárín ọjọ́ méje. Ọ̀la ló pé, ọ́fíìsì wọn ò sì ní ṣí lọ́la."

"Ṣebí kóòtù di oṣù tó ń bọ̀?"

"Ọ̀tọ̀ ni kóòtù, ọ̀tọ̀ ni ọ́fíìsì ìwakọ̀. Kóòtù ló ń dá ẹjọ́ ọtí. Àwọn ọ́fíìsì ìwakọ̀ ò ní dúró dè é. Wọ bàtà."

"Ẹ jẹ́ kí n wẹ̀ ná."

"Ṣé ìwọ ni wọ́n fẹ́ tẹ òǹtẹ̀ lù ni, àbí fọ́ọ̀mù?"

Ní ọ́fíìsì ìwakọ̀, wọ́n tò títí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé. Fọ́ọ̀mù béèrè ìdí tó fi fẹ́ kí wọ́n gbọ́ tẹnu òun. Jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ pé oògùn ikọ́ lòun lò. Ìyàwó rẹ̀ yọjú wò ó.

"Bàbá wọn, ikọ́ wo?"

"Ikọ́ díẹ̀."

"Ọjọ́ mẹ́fà la fi bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ yìí. A ò mẹ́nu ba ikọ́."

"Wọn ò bi ẹ́ bóyá o mutí," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Má purọ́, má sì dáhùn ohun tí wọn ò bi ẹ́. Kọ ọ́ pé láísẹ́ǹsì yìí lo fi ń jẹun, pé láti ọdún mẹ́rìnlá o ò tíì kọlu ẹnikẹ́ni."

Ó fagi lé ikọ́, ó kọ òótọ́. Akọ̀wé tẹ òǹtẹ̀ lù ú, ó sì fún un ní ìwé pélébé kan tí yóò máa fi wakọ̀ títí di ọjọ́ ìgbẹ́jọ́.

Lọ́sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó jókòó níwájú àwọn mẹ́ta tó fẹ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀ ní ọ́fíìsì ìwakọ̀. Obìnrin tó wà láàárín wò ó.

"Ṣé ẹ mutí lọ́jọ́ náà?"

"Mo mu, mà. Kò yẹ kí n wakọ̀."

Obìnrin náà kọ̀wé fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní wọn yóò dá láísẹ́ǹsì náà padà fún un, àmọ́ fún oṣù mẹ́fà, ọkọ̀ búrẹ́dì nìkan ni Jẹ́jẹ́ lè wà, lákòókò iṣẹ́ nìkan. Ọjọ́ tí wọ́n bá rí i nídìí ọkọ̀ mìíràn, láísẹ́ǹsì lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n tètè jáde nílé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n fi ọkọ̀ wọn sílẹ̀, wọ́n fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Jẹ́jẹ́ gbé ọmọ kékeré kọ́ èjìká.

"Bàtà yìí ò lè pé oṣù mẹ́fà," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Ẹ máa wọ sílípáàsì," ni Jẹ́jẹ́ dáhùn.

"Kí n wọ sílípáàsì kọrin níwájú ìjọ?"

"Ohùn yín ni wọ́n ń gbọ́, wọn kì í wo ẹsẹ̀."

Ìyàwó rẹ̀ gba ìwé orin lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ń bá ìrìn wọn lọ.